Iye Tó Wà Lára Ògiri

Sàlímọ́tù kì í ṣe ẹni tí wọ́n máa ń rẹ́ jẹ. Aránṣọ ni ní Karu, bó bá sì dé ọjà Wuse, á ná òwú títí ẹni tó ń tà á fi máa ní kó gbé e lọ, kó ṣáà fi òun sílẹ̀. Ẹ wá wo ohun tí ojú rẹ̀ rí lọ́wọ́ ọmọ ìlú rẹ̀.

Ìpá ló ń da Sànúsí ọkọ rẹ̀ láàmú. Bíríkìlà ni, dókítà sì ti kìlọ̀ pé bí wọn ò bá tètè ṣiṣẹ́ abẹ fún un, ó lè bá a lọ. Ọládùnjoyè, akọ̀wé ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wọn, ń ṣiṣẹ́ ní ọsibítù aládàáni kan. Ó ní kí Sàlímọ́tù má wulẹ̀ lọ síbi tí wọ́n ti ń gbowó, torí àwọn ará ibẹ̀ ò mojú èèyàn. Ó ní òun ti bẹ̀ wọ́n, wọ́n sì ti gbà láti ṣe é ní ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọ̀ọ́dúnrún náírà.

Sàlímọ́tù ò bi í ní ìbéèrè kankan. Ta ló ń ná ọjà lọ́wọ́ ọmọ ìlú ẹni? Bí ìgbà téèyàn pè é lólè ni. Ó ta máṣíìnì ìránṣọ méjèèjì tó fi ń jẹun, ó kó owó náà fún Ọládùnjoyè nínú mọ́tò rẹ̀ lẹ́yìn ọsibítù, bó sì ṣe sọ̀ kalẹ̀, ó kúnlẹ̀ dúpẹ́ lórí yanrìn.

Iṣẹ́ abẹ náà yọrí sí rere, ká má parọ́. Àmọ́ lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ́ tú òwú ojú egbò, Ọládùnjoyè ò wá síṣẹ́, Sàlímọ́tù fúnra rẹ̀ ló lọ sanwó bándéèjì. Lára ògiri, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé agbowó, ìwé fífẹ̀ kan wà níbẹ̀ gàdàgbà, iye iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ló wà nínú rẹ̀. Iṣẹ́ abẹ ìpá: ẹgbẹ̀rún lọ́nà àádọ́jọ.

Ó kà á lẹ́ẹ̀mẹta.

Hàlímàt, ọmọbìnrin tó ń gbowó, ní, “Mummy, ó ti tó two years tó ti wà níbẹ̀. Anybody lè kà á.” Ó tẹ ẹ̀dà rìsíìtì Sànúsí jáde fún un. Àádọ́jọ náà ló wà níbẹ̀.

Ó dun Sàlímọ́tù wọra. Ìkúnlẹ̀ orí yanrìn yẹn tiẹ̀ dùn ún ju owó lọ. Bíkú ilé ò bá pani, tòde ò lè pani.

Nígbà tó di Sunday ìpàdé, Ọládùnjoyè ka ìròyìn oṣù, ó sì kà á níbẹ̀ pé akọ̀wé ẹgbẹ́ ló dúró ti Sànúsí lọ́sibítù. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Alága ní kí Sàlímọ́tù wá dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

Ó rìn lọ síwájú, ó na rìsíìtì náà sí i.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin lẹ máa ń kàwé fún wa. Ẹ bá mi ka èyí náà. Lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ sọ iye tí mo kó fún yín, kí n lè mọ ibi tí máṣíìnì mi wà.”

Ọládùnjoyè wo ìwé náà, ó wo ẹnu ọ̀nà. Alága ní kó kà á sókè, kí gbogbo ilé gbọ́.

Sàlímọ́tù dúró, ó ń retí rẹ̀. Kò kúnlẹ̀.