Lẹ́tà Ilé-Ẹ̀kọ́ Kẹjọ

Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Èmi kó gbogbo ẹ̀ṣọ́ mi ròde tán, mo wá fi ilé sílẹ̀ níhòòhò. Kí Olúwa má jẹ́ kí ọgbọ́n orí wa pa wá.

Iṣẹ́ mi ni kí n máa mójú tó àdéhùn ilé-ẹ̀kọ́ mẹ́jọ. Nígbà tí ìjọba kò lówó ìkọ́lé, ilé-iṣẹ́ aládàáni kan ló fi owó ara rẹ̀ kọ́ wọn. Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ni yóò fi máa tún wọn ṣe, tí ìjọba yóò máa san owó fún un lóṣooṣù. Lẹ́yìn ìyẹn, ilé di ti ìjọba. Títí di ọjọ́ náà, ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ kò gbọdọ̀ kan ìṣó kan ṣoṣo mọ́ ògiri láìgbàṣẹ. Bí gílóòbù bá jó, èmi ni yóò kọ̀wé sí, èmi ni n óò sì pe ilé-iṣẹ́.

Ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ kẹjọ, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ni, ọmọ ìyá, ọmọ bàbá. Wọn kò bímọ, àmọ́ bí ìyá wa ṣe máa ń kì wọ́n nìyí: "Abiyamọ tí kò rọbí, ọlọ́mọ irinwó, a-gbọ́mọ-ọlọ́mọ-pọ̀n-má-sọ̀."

Jíjẹ́ tí wọ́n jẹ́ ẹ̀gbọ́n mi gan-an ló kó bá mi. Ọjọ́ tí mo tètè rán àwọn òṣìṣẹ́ lọ tún páìpù wọn ṣe, ẹni tó jókòó tì mí ní ọ́fíìsì bú sẹ́rìn-ín: "A kì í léèyàn lórí igi ọsàn ká jẹ kíkan! Ó kù kí o bá wọn ru àga lọ sílé."

Ọ̀rọ̀ náà gún mi. Láti ọjọ́ náà, ti àwọn méje yòókù ni mo ń kọ́kọ́ ṣe. Ti ẹ̀gbọ́n mi ló ń kẹ́yìn. Mo pè é ní òtítọ́ inú. Ẹ̀rù ẹnu ayé ni.

Nígbà tó yá, ògiri kíláàsì àwọn ọmọ kéékèèké bẹ̀rẹ̀ sí í làágùn. Ẹ̀gbọ́n mi kọ̀wé, wọ́n tún kọ, wọ́n wá pè mí.

"Àbúrò mi, ọ̀dà ti ń ṣí kúrò lára ògiri. Àwọn ọmọ ń wúkọ́. Àbí kí n tú gèlè mi fi máa nù ún?"

"Ẹ ní sùúrù, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ ti wà lórí ìlà."

"Ìlà wo? Ṣé ìlà ọ̀hún ní iwájú ṣá?"

Mo rẹ́rìn-ín. Wọn kò bá mi rín in.

Ilé-iṣẹ́ rán ẹnì kan, ó kun ọ̀dà tuntun lé omi lórí. Èmi jókòó sí ọ́fíìsì, mo kọ ọ́ sínú ìwé pé a ti ṣe é. N kò lọ wò ó.

Ní ọdún kẹtàlélógún, àdéhùn ní kí n kọ lẹ́tà lórí ilé-ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan kí oṣù kẹwàá tó parí, pé kí àwa àti ilé-iṣẹ́ jọ yẹ ilé wò. Ohun tí ojú wa bá rí, ilé-iṣẹ́ yóò tún un ṣe kó tó lọ. Ilé tí kò bá ní lẹ́tà, ìjọba gbà á bó ṣe wà nìyẹn.

Mo kọ méje. Ti ẹ̀gbọ́n mi, mo tún tì í sísàlẹ̀. Nígbà tó ku ọjọ́ kan, ní Ọjọ́bọ̀, Baba Kọ́kọ́rọ́ pàdé mi lórí àtẹ̀gùn. Òun ni aṣojú ilé-iṣẹ́. Kọ́kọ́rọ́ ilé-ẹ̀kọ́ mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ ló ń ró wọ̀ǹwọ̀n ní ìbàdí rẹ̀.

"Akọ̀wé, èyí tó kù ńkọ́?"

"Ó ń bọ̀ lọ́la, bàbá."

"Má wulẹ̀ dààmú. Àwa yìí náà la ó máa kọ lẹ́tà síra wa? Àwọn oníjà ló ni lẹ́tà."

Mo gbà á gbọ́, nítorí ó rọrùn láti gbà gbọ́. Lọ́jọ́ Ẹtì, táǹkì omi bẹ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ kejì, ibẹ̀ ni mo wà títí ilẹ̀ fi ṣú. Ọjọ́ Ajé ni mo tó kọ lẹ́tà. Ìlà kan péré ni èsì rẹ̀: ọjọ́ ti kọjá. Mo pe Baba Kọ́kọ́rọ́.

"Kì í ṣèmi o, akọ̀wé. Àwọn agbẹjọ́rò ni."

Agbẹjọ́rò tiwa náà ka àdéhùn lẹ́ẹ̀mejì, ó pa á dé, ó mi orí.

Mo gbàdúrà kí n tó lọ bá ẹ̀gbọ́n mi. Àwọn ọmọ ti lọ sílé. Ẹ̀gbọ́n mi ti fa gbogbo àga kéékèèké kúrò lẹ́bàá ògiri wá sáàárín kíláàsì. Mo fọwọ́ kan ògiri náà. Ó tutù rinrin. Mo jókòó sórí àga ọmọ ọdún márùn-ún, mo ro gbogbo rẹ̀ fún wọn.

"Lẹ́tà méje ló dé lásìkò?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, ẹ̀gbọ́n mi."

"Tèmi nìkan ló ṣẹ́kù."

"Mi ò fẹ́ kí wọ́n ní mò ń ṣojúsàájú ni."

"Àwọn wo? Àwọn tó lẹ́nu ni, àbí àwọn tó níkọ́?"

Mo ní kí wọ́n dárí jì mí.

"Mo ti dárí jì ọ́ kí o tó jókòó. Ti èmi nìyẹn. Ọdún méjì ni mo fi ń sọ fún àwọn òbí pé ọ́fíìsì rẹ ń bójú tó ògiri yìí. Wọ́n rò pé èmi ni ọ̀lẹ."

"Mo lè kọ̀wé sí wọn."

"Ìwé kẹ̀!" Wọ́n rẹ́rìn-ín díẹ̀, ẹ̀rín náà kò pẹ́. Wọ́n fa àga kan súnmọ́ mi, wọ́n jókòó. "Wọ́n ń ṣèpàdé níbí lọ́la, aago mẹ́rin. Jọ̀ọ́, àbúrò mi, wá. Dúró níwájú wọn, kí o fi ẹnu ara rẹ sọ ọ́."