Ẹrẹ̀ Abẹ́ Yangí

Ẹ má bi mí bóyá inú ń bí mi. Inú ń bí mi. Láti ìgbà tí mo ti wà nínú yàrá opó yìí, bí mo bá ti gbọ́ ìró mọ́tò tó yà láti títì, mo máa ń dìde jókòó, n ó dẹtí sí i.

Ilé wa jìnnà sí títì. Àlàsàn ọkọ mi ló kọ́ ọ sẹ́yìn Kambolé, lẹ́bàá oko iṣu rẹ̀, ó ní ariwo ìlú kì í jẹ́ kóun gbọ́ ohùn ara òun. Òun náà ló la ọ̀nà gbọọrọ tó ti títì wọlé, tó da yangí sí i kí ọkọ̀ tó ń kó iṣu lọ Sokodé lè dé ẹnu ilé. Ibì kan wà ní agbedeméjì ọ̀nà náà tí omi máa ń sun. Lọ́dọọdún, bí òjò bá ti le, ibẹ̀ á rọ̀ bí ògì. Àlàsàn á mú ọkọ́, á kó ẹrẹ̀ náà títí á fi kan ilẹ̀ líle, á to òkúta ńláńlá sí i, kó tó da yangí lé e. Bí mo bá ní iṣẹ́ yẹn ti pọ̀ jù, pé kó ṣáà da yangí lé e, á rẹ́rìn-ín.

"Hàwáù, ẹni tó bá da yangí lé ẹrẹ̀, ẹrẹ̀ ló ń bọ́."

Lọ́dún yìí, àìsàn ò jẹ́ kó gbé ọkọ́. Ọsibítù ló wà ní Sokodé tí òjò fi dé. Fáwàsì àbúrò rẹ̀, tó ń fi alùpùpù kérò ní àdúgbò Komah nílùú náà, ló ń tọ́jú rẹ̀ níbẹ̀. Ọkọ mi ni mò ń pe Fáwàsì náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo jù ú lọ dáadáa. Ilé ọkọ kúkú ni mo wà. Lọ́jọ́ kan ó pè mí lórí fóònù.

"Ìyàwó wa, àwọn dókítà ní ká máa gbé bùọ̀dá lọ sílé."

"Ọkọ mi, ṣé ara rẹ̀ ti yá ni?"

Ohùn rẹ̀ yí padà. "Ó ní ìyá òun lòun fẹ́ rí. Kò béèrè nǹkan mìíràn. Lọ́la, lẹ́yìn ìrun àárọ̀, la ó gbéra."

Kàrímọ́tù, ìyá ọkọ mi, kò lè rìn mọ́. Ìbàdí rẹ̀ ti kọṣẹ́. Láàárọ̀, a ó gbé e sórí ẹní ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ibẹ̀ ni yóò ti máa wo ọ̀nà títí ilẹ̀ á fi ṣú. Kò lè lọ Sokodé, àfi kí ọmọ rẹ̀ wá bá a. Ìdí nìyẹn tí mo fi sáré lọ pe Àkànó, ọ̀rẹ́ Àlàsàn, pé kó kó àwọn ọkùnrin wá tún ọ̀nà ṣe. Ibi ẹrẹ̀ yẹn ti bàjẹ́ débi pé ewúrẹ́ pàápàá ń yà fún un.

Wọ́n dé. Bí ọkọ́ Àkànó ṣe kanlẹ̀ báyìí, Ìyá pariwo láti ọ̀dẹ̀dẹ̀.

"Àkànó, ta lo ń gbẹ́lẹ̀ dè?"

Gbogbo wa la mọ ohun tó ń sọ. Nílé yìí, a kì í gbẹ́lẹ̀ nígbà tí aláìsàn wa bá ń bọ̀ wálé. Àwọn àgbà ní ilẹ̀ tó bá yanu de aláìsàn kì í panu dé lófìfo.

"Ìyá, ẹrẹ̀ lásán ni wọ́n fẹ́ kó," mo wí. "Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Mọ́tò á rì o."

"Ìyàwó, ṣé ìwọ lo bí i ni?"

Àkànó wò mí, ó wo Ìyá, ó gbé ọkọ́ sílẹ̀. Wọ́n ru yangí wá, wọ́n dà á lé ẹrẹ̀, wọ́n fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́. Lójú, ó dára, ó pupa, ó tẹ́jú. Ìyá ṣàdúrà fún wọn. Mo wọlé lọ gbá yàrá Àlàsàn.

Lọ́jọ́ kejì, kí oòrùn tó kan àtàrí, Ìyá ló kọ́kọ́ rí mọ́tò náà.

"Ọmọ mi ti dé," ó ní, ó ń tún ìborùn rẹ̀ ṣe.

Ẹsẹ̀ iwájú mọ́tò ré ibẹ̀ kọjá. Ti ẹ̀yìn wọlẹ̀. Awakọ̀ tẹná mọ́ ọn, yangí là, ẹrẹ̀ dúdú sì tú jáde lábẹ́ rẹ̀ títí mọ́tò fi fi ikùn lélẹ̀. Omi ti tẹ̀yìn wọ ìgbín lẹ́nu. Mo sáré lọ síbẹ̀. Àlàsàn gbé orí lé itan Fáwàsì, ó ti gbẹ, ojú rẹ̀ nìkan ló kù. Ó wo ẹrẹ̀ náà láti ojú fèrèsé.

"Wọn ò gbẹ́ ẹ," ó ní.

"Wọn ò gbẹ́ ẹ," mo wí. N ò lè dárúkọ ìyá rẹ̀ níbẹ̀.

Àwọn ọkùnrin gbé e sórí ẹní, ẹrẹ̀ ń gbé wọn lẹ́sẹ̀ mì, wọn ò lè yára. Ìyá ń pè láti ọ̀dẹ̀dẹ̀. "Àlàsàn! Kí ló dé tẹ́ ẹ dúró?" Nígbà tí mo máa wò ó, ó ti ń fi ọwọ́ wọ́ ara rẹ̀ bọ̀ nílẹ̀.

"Mò ń bọ̀, Ìyá," Àlàsàn wí. Ohùn yẹn ò lè dé ọ̀dẹ̀dẹ̀. Èmi gbọ́ ọ, Fáwàsì gbọ́ ọ. A ò tíì jìnnà sí mọ́tò nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ dẹ̀ nínú ọwọ́ mi. Fáwàsì wò mí, mo mi orí fún un pé kó má tíì sọ ọ́, a sì ń lọ.

A tẹ́ ẹ síwájú ìyá rẹ̀. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ nù ún lójú.

"Kú àbọ̀, ọmọ mi. Kú ìrìn."

Ó tún kí i. Èmi ni mo kúnlẹ̀ tì í. "Ó dá yín lóhùn lọ́nà, Ìyá. Ó ní òun ń bọ̀."

Wọ́n wẹ̀ ẹ́, wọ́n kírun sí i lára, wọ́n sì sin ín sẹ́yìn ilé kí ilẹ̀ tó ṣú. Erùpẹ̀ sàréè ṣì wà lára ọkọ́ nígbà tí Ìyá pe Àkànó.

"Ẹ lọ gbẹ́ ibẹ̀ yẹn."

"Ìyá, ẹ jẹ́ kó di ọ̀la."

"Kí la tún ń dè?"

Wọ́n lọ gbẹ́ ẹ. Wọ́n kan ilẹ̀ líle, wọ́n to òkúta sí i bí Àlàsàn ṣe máa ń tò ó. Mo ti wọ yàrá opó, ìró ọkọ́ ni mò ń gbọ́.

Lánàá, àwọn kan wá kí wa láti Tchamba. Òjò ń rọ̀. Mo gbọ́ tí mọ́tò wọn yà ní títì, mo gbọ́ tó dé ibẹ̀, tó kọjá, tó wá dúró sẹ́nu ilé gan-an. Ìyá pè mí láti ọ̀dẹ̀dẹ̀.

"Ìyàwó. Kò rì."

Láti ọjọ́ tí a ti sin ọmọ rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ fún un ti wà lẹ́nu mi, ọ̀rọ̀ tí kò dáa. Mo lanu, ẹkún ló gba ibẹ̀.

"Bẹ́ẹ̀ ni, Ìyá," mo wí. "Kò rì."