Orúkọ Tí Ìyàwó Kì Í Pè

Kí n tó bẹ̀rẹ̀, ẹ jẹ́ ká jọ mọ̀ ọ́n: ẹ kò ní gbọ́ kí n pe orúkọ ọkọ mi, ẹ kò sì ní gbọ́ kí n pe ti àbúrò rẹ̀. Ìyàwó ilé ni mí. Nílé tí wọ́n fẹ́ mi sí ní Ṣakí, gbogbo ẹni tí mo bá nílé, títí dé ọmọ tí wọ́n bí nígbà tí ìgbéyàwó mi ku ọ̀la, ọkọ mi ni. N kò gbọdọ̀ pe ọ̀kankan wọn lórúkọ. Èyí tó dúdú, Adúmáadán ni mo ń pè é. Èyí tí oúnjẹ kì í sú, Ìdí-Ìkòkò. Àbúrò ọkọ mi tó wà ní Dublin, Akọ̀wé ni mo sọ òun, nítorí ìwé ló gbé e débẹ̀.

Ẹlòmíràn á ní ayé ti lajú. Kò burú. Ṣùgbọ́n tèmi ti kọjá àṣà, ó ti di ìjà. Lọ́jọ́ tí mo wọlé, Ìyá Ràsáàkì, ìyàwó ilé tó ṣáájú mi, tí ẹnu rẹ̀ mú ju ọ̀bẹ lọ, wò mí láti òkè délẹ̀. Ó ní, "Dúróríkẹ́ ọmọ Ìsẹ́yìn, tó tún ti gbé Ìbàdàn? Kí iṣu tuntun tó jáde, á ti máa pe àwọn ọkọ wa lórúkọ bíi tíṣà." Inú bí mi. Tí inú bá ń bí mi, ẹnu mi kì í dúró de ọgbọ́n. Mo búra lójú gbogbo wọn pé ọjọ́ tí wọ́n bá gbọ́ kí n pe ọkọ kan lórúkọ, n óò pa àkùkọ fún gbogbo ìyàwó ilé. Ọdún méjì ti kọjá, wọn kò tíì rí àkùkọ náà jẹ.

Iṣẹ́ àwòrán tó ń rìn ni mò ń ṣe, fún ilé-iṣẹ́ kan n'Ìbàdàn tó ń ṣe fíìmù ọmọdé. Kọ̀ǹpútà kékeré kò lè gbé irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Lápútọ́ọ̀pù mi ti darúgbó. Tí mo bá ní kó ya koríko ọ̀dàn tí atẹ́gùn ń fẹ́, á gbóná bí ààrò, á sì dákú. Akọ̀wé ló bá mi wá ọ̀nà. Ó bá mi rẹ́ǹtì kọ̀ǹpútà ńlá kan tó wà ní òkè òkun, èyí tó ń lo ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń pè ní Linux, tí mò ń gba orí íńtánẹ́ẹ̀tì wọ inú rẹ̀. Iṣẹ́ ń lọ lọ́hùn-ún, àwòrán ń hàn níwájú mi ní Ṣakí. Wọ́n ní orí àwọsánmà ló wà. Irọ́ ni, inú ilé tútù kan ni wọ́n to irú wọn sí. Wọn kò gba káàdì báǹkì tèmi, nítorí náà orúkọ Akọ̀wé la fi ṣí àkáǹtì. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, n kò sì ro ọ̀rọ̀ náà síwájú.

Ọ̀gá mi n'Ìbàdàn kò gbà pé ènìyàn lè jókòó sí Ṣakí kó ṣe iṣẹ́ yìí. Ó fún mi láǹfààní ẹyọ kan: kí n ya ọdẹ tó ń gba inú koríko ọ̀dàn bọ̀ wálé, kó sì tẹ òun lọ́wọ́ kó tó di aago mẹ́rin ọjọ́ Jímọ̀. Tó bá dé, kí n máa ṣiṣẹ́ láti ilé ọkọ mi. Tí kò bá dé, kí n kó bọ̀ n'Ìbàdàn tàbí kí n fi iṣẹ́ sílẹ̀. Tíṣà ni ọkọ mi, Ṣakí ló ti ń kọ́ àwọn ọmọ. Mo fẹ́ràn ọkọ mi, mo fẹ́ràn iṣẹ́ mi, n kò sì fẹ́ fi ọ̀kan ra ìkejì.

Nígbà tó di ọ̀sán ọjọ́ Jímọ̀, àwòrán ti parí. Ó ku kí n fi ránṣẹ́, ni nẹ́tíwọ̀kì bá lọ. Mo gbé lápútọ́ọ̀pù, mo sáré lọ sábẹ́ igi máńgòrò lẹ́yìnkùlé, níbi tí nẹ́tíwọ̀kì kejì ti máa ń dára. Ibẹ̀ ni Màmá, ìyá ọkọ mi, àti àwọn ìyàwó ilé ti ń bẹ iṣu tí wọn óò fi ṣe gbodo fún èlùbọ́. Mo fẹ́ wọ inú kọ̀ǹpútà òkè òkun, ó tì mí síta. Àwọn tó ni ín kọ ọ́ síbẹ̀ pé ẹnìkan ń gba ọ̀nà tí àwọn kò mọ̀ wọlé, kí n pe àwọn lórí fóònù.

Ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Faith ló gbé e. Gẹ̀ẹ́sì la jọ ń sọ, ohùn rẹ̀ tutù, ó sì ń jáde síta nínú fóònù.

"Ẹ má bínú, nítorí ààbò ni. Ẹ dárúkọ ẹni tó ni àkáǹtì yìí, n óò ṣí i fún yín."

Ìyá Ràsáàkì gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa. Ó dá ọ̀bẹ dúró lára iṣu, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó sì yíjú síbi tí àkùkọ ń jẹ̀ sí.

"Akọ̀wé," ni mo wí.

"Kò bá èyí tí mò ń wò mu."

"Àbúrò ọkọ mi ni. Ó ga, Dublin ló wà, kì í jẹ ẹ̀wà."

"Mo gbọ́, mà. Orúkọ ni mo ń bèèrè."

"Ṣé mo lè kọ ọ́ ránṣẹ́?"

"Rárá, mà. Ẹnu yín la fẹ́ gbọ́ ọ, a sì ń gba ohùn yín sílẹ̀. Ó ku ẹ̀ẹ̀kan péré. Tí ẹ bá tún ṣì í, àkáǹtì máa wà ní títì di ọjọ́ Ajé."

Mo ní kó dúró dè mí. Mo fi fóònù kejì pe Akọ̀wé, kò wọlé. Ilé ìwòsàn ló ń bá ṣiṣẹ́, wọn kì í jẹ́ kí wọ́n mú fóònù dání. Mo lè sá kúrò lábẹ́ máńgòrò, kí n lọ pe orúkọ náà ní kọ̀rọ̀. Ta ni yóò mọ̀? Èmi á mọ̀. Inú ń bí mi sí Faith, sí Ìyá Ràsáàkì, àti sí ẹnu ara mi tó ń búra káàkiri. Omi dé ojú mi.

Màmá bèèrè ohun tó ṣẹlẹ̀, mo sì ṣàlàyé. Ó gba fóònù, ó to gbogbo orúkọ ọmọ rẹ̀ kalẹ̀, títí kan èyí tí ìyá àgbà sọ ọ́. Faith kí i tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ṣùgbọ́n ó ní ẹni tó fẹ́ wọlé ló gbọ́dọ̀ sọ ọ́ fúnra rẹ̀.

Màmá nu ọ̀bẹ mọ́ ìró.

"Dúróríkẹ́, tí o bá ń ki ọkọ rẹ láàárọ̀, ṣé orúkọ rẹ̀ kì í sí nínú oríkì?"

"Màmá, oríkì yàtọ̀."

"Kí ló fi yàtọ̀?"

"Ẹni tó ń ki ènìyàn kò pe ènìyàn. Ó ń gbé e ga ni."

"Ẹnu rẹ lo fi sọ ọ́. Ó yá, ki àbúrò ọkọ rẹ."

Ìyá Ràsáàkì ní, "Màmá, ẹ ń gbè sẹ́yìn ìyàwó yìí jù."

"Ìwọ náà á gbè é," ni Màmá dá a lóhùn. "Ṣé ìyàwó ilé mìíràn ni ọ́ ni?"

Mo kúnlẹ̀ sáàárín èèpo iṣu, mo gbé fóònù sẹ́nu, mo ké e:

"Ọ̀ṣúnyẹmí, ọmọ Ọdẹ́wùmí,
ọmọ a-rìn-lọ́dàn-má-ṣìnà,
ọmọ ọdẹ tó pẹran tí kò dá a jẹ,
tó ní kí ará àdúgbò gbé abọ́ wá.
Ọ̀ṣúnyẹmí, ọ̀nà jìn, ilé kò jìn,
iṣu ti jinná, Ṣakí ń bèèrè rẹ,
ìyá rẹ ṣì ń bu tìrẹ sọ́tọ̀."

Ẹ ti gbọ́ orúkọ náà báyìí, ṣùgbọ́n oríkì ni mo fi kì í, n kò pè é. Ìlà tó kẹ́yìn yẹn, èmi ni mo fi kún un, òótọ́ sì ni. Ìyá Ràsáàkì ló kọ́kọ́ gbè é, ohùn rẹ̀ dùn ju tèmi lọ. Àwọn yòókù tẹ̀lé e, wọ́n ń fi ọ̀bẹ lu abọ́. A tún un kì láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó dùn mọ́ mi débi pé mo gbàgbé pé ẹnìkan wà lórí fóònù.

Nígbà tí a parí, ohùn Faith jáde. "Mo gbọ́ orúkọ náà," ni ó wí. "Mo gbọ́ ọ dáadáa. Mo ti ṣí i." Ó wá ń rẹ́rìn-ín, ó ní ṣé bí gbogbo ará ìlú wa ṣe ń dárúkọ nìyẹn.

Mo wọ inú kọ̀ǹpútà òkè òkun, koríko ọ̀dàn sì bẹ̀rẹ̀ sí fì lójú lápútọ́ọ̀pù mi, ọdẹ gba inú rẹ̀ ń bọ̀. Gbogbo wọn dìde wá wò ó. Màmá ní ẹsẹ̀ òsì ọdẹ náà wúwo bíi ti bàbá ọkọ mi. Mo fi ránṣẹ́, ó sì dé Ìbàdàn ṣáájú aago mẹ́rin. Èsì ọ̀gá mi kò gùn: kí n jókòó sí Ṣakí mi. Mo fò sókè, èèpo iṣu fọ́n káàkiri. Ìyá Ràsáàkì dì mọ́ mi, ó ní òun á ṣì jẹ àkùkọ yẹn lọ́jọ́ kan. Mo ní kó máa retí.

Nírọ̀lẹ́, Akọ̀wé pè mí. Mo rò pé àwọn Faith ti yọ ọ́ lẹ́nu.

"Ẹ má bínú, Akọ̀wé mi," ni mo wí. "Káàdì yín lè wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n n óò ní kí wọ́n yí àkáǹtì yẹn sí orúkọ tèmi, kí wọ́n má baà dà yín láàmú mọ́."

Mo gbọ́ tó fa imú.

"Ìyàwó, wọ́n fi ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀ ránṣẹ́ sí mi. Inú bọ́ọ̀sì ni mo ti gbọ́ ọ, mo sì kọjá ibi tó yẹ kí n ti sọ̀. Láti ìgbà tí mo ti dé ìlú yìí, kò sẹ́ni tó kì mí rí." Ó wá bèèrè: "Ṣé lóòótọ́ ni Màmá ṣì ń bu tèmi sọ́tọ̀?"

"Lóòótọ́ ni."

"Má yí orúkọ kankan," ni ó wí. "Fi tèmi sílẹ̀ níbẹ̀. Bóyá wọ́n á tún tì ọ́ síta lọ́jọ́ mìíràn."