Ìwé Tí Adájọ́ Fọwọ́ Sí Láìkà

Ọdún mọ́kànlá ni obìnrin tí gbogbo ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù ń pè ní Ìyá Àkọsílẹ̀ ti ń ṣọ́ àkọsílẹ̀ ìpè àwọn aráàlú: ẹni tó pè, ẹni tí wọ́n pè, àti ibi tí kálukú wà lásìkò náà. Kò mọ ohun tí wọ́n jọ sọ. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti mọ ibi tí o lọ àti ẹni tí o bá sọ̀rọ̀, kí ló kù tí kò mọ̀?

Òfin dùn-ún gbọ́ létí. Ọlọ́pàá kò gbọdọ̀ rí àkọsílẹ̀ ẹnikẹ́ni àfi bí adájọ́ bá yẹ ìdí rẹ̀ wò, kó sì fọwọ́ sí i. Adájọ́ kan ṣoṣo ni wọ́n yàn síbẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ sì yá ju ojú rẹ̀ lọ. Bí ogójì ìwé bá dé láàárọ̀, kí tíì rẹ̀ tó tutù, gbogbo wọn ti gbàṣẹ. Ìdí kan náà ló sì wà lára wọn: “Ààbò ìlú.”

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun kan, Ìyá Àkọsílẹ̀ wo nọ́ńbà tó wà lórí ìwé kan, ó tún un wò, ó bú sẹ́rìn-ín. Ó tẹ adájọ́ láago.

“Ẹ káàárọ̀ sà. Ṣé ẹ yẹ àwọn ìwé àárọ̀ yìí wò?”

“Fínnífínní!”

“Ẹ ṣeun sà. Ọ̀kan ní kí n kó ìpè yín ti oṣù mẹ́fà fún ọ̀gá ọlọ́pàá.”

Adájọ́ pariwo, “Ẹ ya á!”

“Ẹ̀wọ̀n ni fún ẹni tó bá ya ìwé àṣẹ yín, sà. Ẹ wá fọwọ́ ara yín fagi lé e.”

Adájọ́ sáré dé, fìlà lọ́wọ́. Ta ló bá níbẹ̀? Ọ̀gá ọlọ́pàá fúnra rẹ̀, tó wá gba àkọsílẹ̀.

“Kí ni ìpè tèmi fi ṣe ìlú?” ni adájọ́ bú mọ́ ọn.

Ọ̀gá ọlọ́pàá lajú sílẹ̀. “Ẹ̀yin lẹ ni nọ́ńbà yìí? Ẹ̀yin lẹ ń pe ìyàwó mi lójoojúmọ́?”

“Ìyàwó yín ló ń rán aṣọ iṣẹ́ mi! Oṣù méjì rèé, ọ̀la, ọ̀la ló ń sọ!”

Ọ̀gá ọlọ́pàá wo ilẹ̀, ó wo òkè. Ó ní lóòótọ́, bẹ́ẹ̀ náà ni obìnrin náà ṣe ń sọ fún gbogbo oníbàárà.

Kí oṣù tó parí, àtúnṣe dé bá òfin: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan àkọsílẹ̀ adájọ́. Ti aráàlú yòókù wà bó ṣe wà.

Inú bí Ìyá Àkọsílẹ̀. Láti ọjọ́ náà, ìwé tó bá ti ní “ààbò ìlú” nìkan, ó ń dá a padà.

Adájọ́ pè é. “Ìyá, ta ló fi yín jẹ adájọ́?”

“Kò sí o, sà. Àmọ́ ó yẹ kẹ́nìkan kà á.”

Lọ́jọ́ kejì, ìwé mẹ́tàlá péré ló ti ọ̀dọ̀ adájọ́ dé, ọ̀kan sì ní ìdí gidi.