Ẹ Sọ Ibi Tí Ẹ Dúró Sí

Ọdún kẹfà rèé tí bàbá kan àtàwọn ọmọ rẹ̀ mẹ́ta ti ń pàdé lórí íńtánẹ́ẹ̀tì ní agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ Sátidé, tí wọ́n ń ṣeré. Ẹni tó bá rò pé eré ọmọdé ni, kó má tíì rẹ́rìn-ín. Bàbá ló ń sọ ìtàn. Ó dá ìlú kan sílẹ̀ látinú orí ara rẹ̀, ó fi odò sí i, ó fi afárá sí i, ó fi ihò àpáta àtàwọn ẹranko tí kò ní orúkọ sí i. Àwọn ọmọ ni èèyàn inú ìtàn náà. Àkọ́bí, tó jẹ́ télọ̀, ló ń ṣe atukọ̀. Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, tó ń wa ọkọ̀ akẹ́rù, ló ń ṣe ọlọ́fà. Àbíkẹ́yìn, tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe, ní olè lòun fẹ́ jẹ́, àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sì ní ó yẹ ẹ́. Bí ẹnìkan bá fẹ́ fo kòtò tàbí kó bá ẹranko jà, yóò da dáìsì, iye tó bá jáde ni yóò sọ bóyá ó ṣeé ṣe.

Lẹ́yìn ikú ìyá wọn ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Oníkálukú wọn wà ní ìlú tirẹ̀, bàbá nìkan ló kù nínú ilé. Láti Àìkú títí dé Ẹtì, ó lè má sọ ju gbólóhùn mẹ́wàá lọ. Ṣùgbọ́n tó bá di Sátidé, ohùn rẹ̀ á là, á máa bú bí ẹranko, á máa rẹ́rìn-ín bí aya ọba. Télọ̀ mọ̀ nínú ọkàn rẹ̀ pé eré yẹn ló gbé bàbá dúró. Ẹ̀rù ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ tí eré náà bá bàjẹ́ máa ń bà á.

Bàbá ní òfin kan. Iṣẹ́ ilẹ̀ wíwọ̀n ló ṣe kó tó fẹ̀yìn tì, nítorí náà nígbà tó gbé òfin yìí kalẹ̀ ní bí ọdún méjì sẹ́yìn, kò ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu: kí èèyàn tó ṣe ohunkóhun, kó kọ́kọ́ fi ẹnu sọ ibi tó dúró sí àti ibi tó kọjú sí.

"Ẹ sọ ibi tí ẹ dúró sí," bàbá á wí.

"Mo wà létí odò, mo kọjú sí afárá," atukọ̀ á dáhùn.

"Mo wà lẹ́yìn igi, mo kọjú sí oúnjẹ," olè á sọ, gbogbo wọn á sì rẹ́rìn-ín. Wọ́n máa ń fi òfin náà ṣe yẹ̀yẹ́ pé bàbá ti tún gbé okùn ìwọnlẹ̀ dé. Wọn ò béèrè ìdí rẹ̀. Wọn ò mọ̀ pé ohun tó wà lẹ́yìn ẹfà ju èje lọ.

Lọ́jọ́ kan ni ìkànnì tí wọ́n ti ń ṣeré náà kọ̀wé sí wọn pé àwọn máa kógbá sílé níparí oṣù. Ìkànnì àtijọ́ ni, ọ̀rọ̀ kíkọ ló pọ̀ jù níbẹ̀, pẹ̀lú dáìsì kan tó máa ń dún gbọ̀ngbọ̀n. Wọ́n ní kí télọ̀ wá ìkànnì mìíràn tí yóò jẹ́ tábìlì eré tuntun fún ìdílé, nítorí òun ló lè yẹ nǹkan wò tinú tòde bó ṣe ń yẹ ìránṣọ wò.

Ó sì yẹ̀ ẹ́ wò lóòótọ́. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko, tó bá ti kúrò nídìí ẹ̀rọ, á jókòó ti kọ̀ǹpútà láàárín àwọn aṣọ tí kò tíì ní ọwọ́. Ìkànnì àkọ́kọ́ kò ju ìwé pẹlẹbẹ lọ, ó ní ó ti gbó jù. Èkejì kò ṣí lórí fóònù àbúrò rẹ̀ awakọ̀. Ẹ̀kẹta ló gbà á lọ́kàn. Àwòrán ni láti òkè délẹ̀! Omi odò ń ṣàn, ère kálukú ní ojú àti ẹ̀wù, bí ère rẹ bá sì gbé fìtílà, ibi tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ dé nìkan ni wàá rí. Ó fi ọjọ́ mẹ́rin ya odò bàbá síbẹ̀, ó ya afárá, ó ya ihò àpáta. Ó ń ronú bí inú bàbá ṣe máa dùn tó bá rí ìlú rẹ̀ lójú kòrókòró.

Ó pè é lórí fóònù, ó ka gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ fún un.

"Ṣé ó máa ń sọ̀rọ̀?" bàbá béèrè.

Télọ̀ rẹ́rìn-ín. "Bàbá, kí ló fẹ́ sọ? Gbogbo nǹkan ló hàn kedere."

"Èwo lẹ̀yin fẹ́ràn?"

"Èyí ni o."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀," ni bàbá wí.

Sátidé àkọ́kọ́ lórí tábìlì tuntun, bàbá fi ogún ìṣẹ́jú pẹ́. Ó ní aládùúgbò ló bá òun tẹ̀ ẹ́ wọlé. Àbíkẹ́yìn ti ń pariwo nítorí ẹ̀wù olè rẹ̀ tó dára.

"Ẹ sọ ibi tí ẹ dúró sí," ni bàbá wí.

"Ẹ̀n-ẹ́n, Bàbá!" awakọ̀ ní. "Ẹ ṣáà wojú kọ̀ǹpútà. Gbogbo wa la wà níbẹ̀."

Télọ̀ ló wá gbé e kanlẹ̀. Ó sọ ọ́ pẹ̀lú ẹ̀rín, bí ọmọ ṣe ń bá bàbá rẹ̀ ṣàwàdà: "Bàbá, òfin yẹn ti fẹ̀yìn tì bíi tiyín."

Bàbá bẹ̀rẹ̀ ìtàn. Ó ní ẹranko kan dìde níwájú ọlọ́fà, ní àárín afárá. Ọlọ́fà sì ti kọjá afárá tipẹ́, ó ti wọ inú ihò. Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Bàbá ní kí atukọ̀ so ọkọ̀ rẹ̀ mọ́ igi. Kò sí igi níbẹ̀, wọ́n tún rẹ́rìn-ín. Nígbà tí wọ́n rẹ́rìn-ín lẹ́ẹ̀kẹta, bàbá dá ìtàn dúró. Ó ní ó rẹ òun.

Ẹyin lohùn, bó bá bọ́ sílẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́; bẹ́ẹ̀ náà ni ẹ̀rín. Ní Sátidé kejì, bàbá ní íńtánẹ́ẹ̀tì òun kò dára. Ní ẹ̀kẹta, ó ní kí àbíkẹ́yìn máa sọ ìtàn náà lọ. Ní ẹ̀kẹrin, kò gbé fóònù. Ní Àìkú, télọ̀ ti ìsọ̀ rẹ̀, ó wọ ọkọ̀ lọ sílé bàbá.

Ilẹ̀kùn ilé kò tì. Bàbá sùn sórí àga níwájú rédíò, bọ́tìnì ẹ̀wù rẹ̀ fi ihò kan ṣìnà láti ọrùn dé ìsàlẹ̀. Ọwọ́ télọ̀ fẹ́ lọ tún un ṣe, ṣùgbọ́n kò fẹ́ jí i. Ó kọjá sí yàrá tí kọ̀ǹpútà wà. Eruku ti bò ó. Ó fi ọwọ́ nù ún, ọwọ́ rẹ̀ sì kan nǹkan.

Bọ́tìnì ni. Bọ́tìnì kéékèèké méje, tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ mọ́ orí lẹ́tà méje lára pátákó ìtẹ̀wé rẹ̀. Funfun ni wọ́n, olójú mẹ́rin. Òun fúnra rẹ̀ ló fi wọ́n ránṣẹ́ sí bàbá ní ọdún méjì sẹ́yìn, fún ẹ̀wù tí bọ́tìnì rẹ̀ já. Ó tan kọ̀ǹpútà náà. Lẹ́tà kan ṣoṣo, tó tóbi bí àwo ìjẹun, ló gba gbogbo ojú kọ̀ǹpútà.

Ó di tábìlì mú. Òun tó ń fi ojú wọn aṣọ fún gbogbo ayé kò mọ̀ pé ojú bàbá òun ti lọ. Ó rántí "ṣé ó máa ń sọ̀rọ̀?" Ó rántí òfin náà. Kì í ṣe okùn ìwọnlẹ̀. Ẹnu wọn ni bàbá fi ń ríran, òun ló sì pa ẹnu náà mọ́.

Ó padà sí pálọ̀. Bàbá ti jí, ó kọjú sí fèrèsé.

"Ta nìyẹn?" ó béèrè lọ́wọ́ fèrèsé.

"Mo wà lẹ́nu ọ̀nà yàrá," télọ̀ wí. "Mo kọjú sí yín, Bàbá."

Ọwọ́ bàbá lọ sí bọ́tìnì ọrùn rẹ̀, ọwọ́ náà sì tún bọ́ sílẹ̀.

"O ti rí kọ̀ǹpútà náà."

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún wa?"

"Kí n sọ kí ni? Dókítà ní mo ti pẹ́ jù kí n tó wá. Bí mo bá sọ, ẹ ó máa ṣàánú mi, ẹ ó sì rọra gba dáìsì lọ́wọ́ mi."

A sì gbà á náà, télọ̀ sọ nínú ọkàn rẹ̀. Ó kúnlẹ̀ síwájú àga, ó bẹ̀ ẹ́. Ó ní kò sí ìkànnì mọ́, kò sí àwòrán mọ́, fóònù lásán ni wọ́n á máa lò, kálukú á sì máa sọ ibi tó dúró sí.

Bàbá fi ọwọ́ wá orí rẹ̀, ó rí i, ó gbé ọwọ́ lé e. "Ìwọ kọ́," ó ní. "Ṣùgbọ́n ìlú yẹn, gbogbo ọ̀nà rẹ̀ ni mo máa ń rí tẹ́lẹ̀. Mo máa ń dìde láàárọ̀, màá rìn ín já. Láti ọjọ́ tí ẹ ti rẹ́rìn-ín yẹn, mi ò rí i mọ́."

Télọ̀ ò padà sí ìsọ̀ lọ́sẹ̀ yẹn. Ní Sátidé, ní agogo mẹ́rin, ó gbé fóònù sáàárín òun àti bàbá, ó pe àwọn àbúrò rẹ̀ tó ti sọ gbogbo rẹ̀ fún.

"Mo wà létí odò," ó wí. "Mo kọjú sí afárá."

"Mo wà lórí afárá, Bàbá," awakọ̀ wí. "Mo kọjú sẹ́yìn, sọ́dọ̀ yín."

"Mo wà lẹ́yìn igi," àbíkẹ́yìn wí. Kò fi àwàdà kún un.

Wọ́n ń dúró de bàbá kó sọ ohun tó wà níwájú wọn. Bàbá gbé orí lé ẹ̀yìn àga, ojú rẹ̀ là sílẹ̀. Ó ń wá ìlú náà, kò rí i.

"Ẹ ṣeun, ẹ̀yin ọmọ mi," ó wí nígbẹ̀yìn. "Ẹ máa rìn lọ. Mò ń gbọ́ yín."