Epo Pupa Nínú Táǹkì Họ́ńdà

Nígbà tí Lérè tún ti Họ́ńdà bàbá rẹ̀ wọ àgbàlá wa, mi ò mọ̀ bóyá kí n bínú sí alùpùpù náà ni tàbí kí n dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Bí kò bá dákú sójú ọ̀nà, Lérè kò ní wá. Bí Lérè kò bá sì wá, ta ni n ó máa yọjú wo ẹ̀rín rẹ̀, bí ẹni tí kò wo nǹkan kan?

Èmi Tọ̀yíbà, iṣẹ́ mi ni kí n máa tún àwọn alùpùpù àtijọ́ ṣe lẹ́yìn ilé wa ní Ìlútítun. Ọwọ́ bàbá mi ni mo ti kọ́ ọ. Láti ìgbà tí ojú wọn ti ń ṣe bàìbàì, etí ni wọ́n fi ń bá mi ṣiṣẹ́. Wọn yóò jókòó sórí àpótí wọn, wọn yóò ní, "Púlọ́ọ̀gì ló ń ráhùn yẹn, kì í ṣe kabúrétọ̀." Àwọn ẹgbẹ́ mi máa ń béèrè pé kí ni mo rí nínú irin ogbó, nígbà tí tuntun kún ìta. Wọn ò mọ bó ṣe ń rí lára ni, kí ohun tó ti dákẹ́ fún ọdún gbọọrọ tún ṣàdédé sọ̀rọ̀ lábẹ́ ọwọ́ ẹni. Ó fẹ́ jọ ìfẹ́.

Tíṣà ni Lérè ní Àjàgbà. Láti ìgbà tí bàbá rẹ̀ ti di olóògbé ni Họ́ńdà náà ti wà lábẹ́ àtíbàbà tí ìyá rẹ̀, Màmá Eunice, ti ń fún epo pupa, tí wọ́n tì í sáàárín àwọn kẹ́ẹ̀gì, kí Lérè tó gbé e wá bá mi. Ọmọ ìjọ aláṣọ funfun ni Màmá. Wọ́n ti sọ ọ́ lásọyé pé Họ́ńdà yẹn ni yóò gbé àwọn lọ síbi ìdúpẹ́ ìkórè lọ́dún yìí, bí ọkọ wọn ti máa ń gbé wọn. Bí kò bá lè gbé wọn, kí àwọn onírin àlòkù wá kó o lọ. Lérè tí kì í pa ẹnu mọ́ sì fi kún un pé ọmọbìnrin tó ń tún un ṣe lòun fẹ́ fẹ́.

Màmá ní, "Ó dáa. Kí máṣíìnì kọ́kọ́ gbé mi dé ilé àdúrà ná. Ibẹ̀ ni n ó ti mọ̀ bóyá ọwọ́ ọmọ náà mọ nǹkan í ṣe, tàbí ẹwà rẹ̀ ló ń pa ọ́ bí ọtí."

Ìkórè wá ku ọ̀sẹ̀ kan, ọkọ mi lọ́la sì tún ń ti alùpùpù wọlé.

"Kí ló tún ṣe é?" Mo ń nu ọwọ́ mi nínú àkísà.

"Mo gbéra lówùúrọ̀, ó gbé mi dójú afárá, ó húkọ́, ó bá sùn."

"Ṣé kì í ṣe pé o ti mọ bí wọ́n ṣe ń mú un sùn ni?"

"Èmi? Kí ni n ó fi ìyẹn ṣe?"

Bàbá mi dá a lóhùn láti orí àpótí. "Kí o lè rí púpurú wa jẹ ni."

Lérè dọ̀bálẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín. "Ẹ káàárọ̀ o, bàbá. Púpurú yín dùn lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ni mo fi ti nǹkan yìí dé ibí."

Ohun tó ń dà mí láàmú nìyí: bí Họ́ńdà náà bá sùn lágbàlá wa, bí a bá tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan péré, yóò jí. Bó bá sun Àjàgbà, ó dìṣòro, pàápàá láàárọ̀ tí òtútù ọyẹ́ bá ti ń mú. Mo ti fọ kabúrétọ̀. Mo ti pààrọ̀ púlọ́ọ̀gì. Lọ́jọ́ yìí, mo ní kí n tú táǹkì fúnra rẹ̀ kalẹ̀. Mo ti ìka bọ ihò tí bẹntiróòlù ń gbà sọ̀kalẹ̀, ohun kan sì tẹ̀lé ìka mi jáde, ó ki, ó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, ó dì bí òrí. Mo gbóòórùn rẹ̀. Bẹntiróòlù ni. Mo tún gbóòórùn rẹ̀, ó di ilé ìdáná.

"Lérè, ta ló ń da epo pupa síbí?"

Ó kọ́kọ́ wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. "Màmi ni. Gbogbo ìgbà tí mo bá ti gbé e délé ni wọ́n ń bu díẹ̀ sí i, kí ìpẹtà má baà jẹ ẹ́ nínú. Láti ìgbà tí bàbá ti kú ni wọ́n ti ń ṣe é. Ṣé kò dáa ni?"

Bàbá mi bú sẹ́rìn-ín débi pé wọ́n di àpótí mú. Èmi ò lè rẹ́rìn-ín. Ní ọ̀dọ̀ wa, irin tó bá fẹ́ sinmi, epo là ń fi pa á lára: àdá, ọkọ́, irin tí wọ́n fi ń fún epo fúnra rẹ̀. Bí mo bá jẹ́ Màmá, bóyá bẹ́ẹ̀ lèmi náà ì bá ṣe.

Lérè sún mọ́ mi, ohùn rẹ̀ rọlẹ̀. "Má sọ fún wọn. Fọ̀ ọ́, jẹ́ kó wà lọ́dọ̀ rẹ títí di ọjọ́ ìkórè. Wọn ò ní mọ̀."

Ó rọrùn. Ó tún dùn mọ́ mi pé orúkọ mi ló fẹ́ gbà sílẹ̀. Ṣùgbọ́n tí ìkórè bá parí ńkọ́? Màmá yóò tún bu epo, Họ́ńdà yóò tún kú, wọn yóò sì ní ọwọ́ mi ni kò dáa. Bí mo bá sì ti ń fi nǹkan pa mọ́ fún wọn kí n tó wọlé wọn, kí ni n ó máa bá wọn sọ nígbà tí mo bá wọlé tán?

Mo gbé táǹkì náà sórí itan Lérè, mo fi alùpùpù tèmi gbé òun àti táǹkì lọ sí Àjàgbà.

Màmá Eunice ń ro epo lórí iná nígbà tí a dé. Wọ́n wo táǹkì, wọ́n wò mí.

"Orí rẹ̀ lẹ gé wá yìí?"

Mo kúnlẹ̀. "Ẹ kú iṣẹ́, mà. Ẹ jọ̀ọ́, epo tí ẹ ń bù sí i ni kì í jẹ́ kó lọ. Ó ń dì nínú rẹ̀ bí òtútù bá mú."

Wọ́n gbé igi ìròpo kalẹ̀. "Nítorí náà, èmi ni mo pa máṣíìnì ọkọ mi. Ohun tí o gbéra láti Ìlútítun wá sọ fún mi nìyẹn?"

"Rárá, mà. Ẹ wá wò ó." Mo tan iná fóònù mi sínú táǹkì. "Gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀ tó ń dé ọ̀dọ̀ mi, ìpẹtà ti jẹ wọ́n lu. Ọ̀rinrin ilẹ̀ wa kì í dá irin sí. Tiyín nìkan ló ń dán. Ẹ̀yin lẹ pa á mọ́. Ṣùgbọ́n ó ti jí báyìí, mà. Bẹntiróòlù nìkan ló lè máa mu."

Màmá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n di ojú kan, wọ́n wo inú rẹ̀ pẹ́. Nígbà tí wọ́n nàró, ẹ̀rín ti ń yọ díẹ̀ lẹ́nu wọn.

"Bàbá Lérè náà kì í fẹ́ epo púpọ̀ nínú ọbẹ̀." Wọ́n nu ọwọ́ sí ìró. "Kí lo fẹ́ fi fọ̀ ọ́?"

"Bẹntiróòlù, mà."

"Ta ló ń fi bẹntiróòlù fọ epo? Ṣé bẹ́ẹ̀ la ṣe ń fọ kẹ́ẹ̀gì? Lérè, o dúró bí òpó. Lọ gbé omi kaná."

Omi gbígbóná, ọṣẹ, àti ẹ̀kúnwọ́ òkúta wẹ́wẹ́ la dà sínú rẹ̀. Màmá di apá kan mú, mo di apá kejì mú, a sì ń mì í bí ẹni ń mi ọmọ kó lè sùn. Omi àkọ́kọ́ pupa, èyí tó tẹ̀lé e pọ́n díẹ̀, títí ó fi mọ́ lóló.

"Wọ́n ní ìmàle ni yín," Màmá ní, a ṣì ń mì í.

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Ìyá ìyá mi náà kírun. Ìyẹn kọ́ ni mo fẹ́ mọ̀. Ṣé o mọ ọbẹ̀ marúgbó sè?"

"Díẹ̀díẹ̀, mà."

"Díẹ̀díẹ̀ ni pé o ò mọ̀ ọ́n sè."

"Tí ẹ bá kọ́ mi, mà, n ó mọ̀ ọ́n."

Nígbà tí a gbé táǹkì sá sóòrùn, wọ́n mú etí ìró wọn, wọ́n fi nu ọṣẹ kúrò lẹ́rẹ̀kẹ́ mi. Lérè rí i. Ó yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí ẹni tí èéfín wọ̀ lójú.

Láàárọ̀ ìkórè, mo ti wà lọ́dọ̀ wọn kí ilẹ̀ tó mọ́, òtútù sì mú gan-an. Mo ti dá táǹkì padà sára Họ́ńdà náà, Àjàgbà ló sì sùn, ẹnikẹ́ni ò sì bu ohunkóhun sí i. Lérè wọ sùtáńà, ó gun orí rẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́, ó húkọ́. Lẹ́yìn náà ni ohùn rẹ̀ já gaara, ó ń sọ̀rọ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ láìdánudúró.

Màmá jáde nínú aṣọ funfun báláú, láìwọ bàtà, bí wọ́n ti í ṣe ní ìjọ wọn. "Lérè, sọ̀kalẹ̀."

"Màmi?"

"Mo ní sọ̀kalẹ̀. Bó bá dákú lọ́nà, ṣé ìwọ lo máa jí i? Gbé ọ̀gẹ̀dẹ̀ ìkórè yẹn rù, kí o máa tọ̀ wá bọ̀. Ìyàwó, bọ́ síwájú."

Mo ká ìbòrí mi sábẹ́ àgbọ̀n, mo gun orí Họ́ńdà. Màmá jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lẹ́yìn mi, wọ́n di ìbàdí mi mú. Lérè ń rẹ́rìn-ín lábẹ́ odidi ọ̀gẹ̀dẹ̀, ojú rẹ̀ sì ń sọ gbogbo ohun tí ẹnu kò gbọdọ̀ sọ níwájú ìyá ẹni.

A kọjá lójú ọjà, a kọjá lára àwọn aláṣọ funfun tó ń fẹsẹ̀ rìn lọ, àwọn àgbàlagbà kan sì dúró, wọ́n ń fetí sí ìró tí wọ́n ti mọ̀ láti ìgbà ayé Bàbá Lérè. Nígbà tí a dé ẹnu ọ̀nà ilé àdúrà, mo na ọwọ́ sí kọ́kọ́rọ́ láti pa á.

Màmá di ọwọ́ mi mú.

"Má tíì pa á," wọ́n ní. "Jẹ́ kí wọ́n gbọ́ ọ."