Ìlà Kẹta

Lórí àkàbà ní gbọ̀ngàn tí ẹgbẹ́ wọn ti ń ṣàfihàn ìwé tí wọ́n fi búrọ́ọ̀ṣì kọ, Tatsuo, akẹ́kọ̀ọ́ kan, tú okùn ìwé náà, ó sì ṣí gbọọrọ wálẹ̀ lára ògiri. Oòrùn òwúrọ̀ gba ojú fèrèsé wọlé, ó bà lé ìlà kẹta. Ibẹ̀ ni Hisae, olùkọ́ wọn, ti rí i: ní ìdajì ìlà náà, tàdáwà kan gun orí òmíràn, ó ń dán.

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni Hisae kọ, "odò" lédè Japan, ìlà mẹ́ta tó ń ṣàn wálẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ gbọ̀n lórí ìlà kẹta, bó ti ń gbọ̀n láti ìgbà òtútù tí kò sì jẹ́ kẹ́nikẹ́ni mọ̀. Ó dá búrọ́ọ̀ṣì padà síbẹ̀, ó tún un kùn. Kò sí ẹnì kan tó ń fi búrọ́ọ̀ṣì kọ̀wé ní ìlú Nara tó jẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀. Bí búrọ́ọ̀ṣì bá ti kúrò lórí ìwé, ó kúrò náà nìyẹn. Ohun tó kù síbẹ̀ ni ẹni tó kọ ọ́.

"Ẹ wò ó, Olùkọ́! Tèmi tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ wá dà bí aláǹgbá tó mutí yó."

Tatsuo ló sọ bẹ́ẹ̀ láti orí àkàbà.

Chigusa, akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ tó ń to òdòdó sẹ́nu ọ̀nà, dìde wá. Ó wo ìwé náà fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó wo fèrèsé.

"Olùkọ́, ìmọ́lẹ̀ ibí ti le jù. Ẹ ò jẹ́ ká gbé e sẹ́yìn òpó ọ̀hún?"

"Inú òkùnkùn?" Tatsuo fẹ́rẹ̀ẹ́ já bọ́. "Chigusa, ṣé o jẹun láàárọ̀ yìí ṣá? Iṣẹ́ Olùkọ́ fúnra wọn!"

"Ìmọ́lẹ̀ ni mo ní ó le."

Nígbà náà ni ó yé Hisae. Chigusa ti rí i. Ká ní ó fi í ṣẹ̀sín ni, ìbá rọrùn. Ní ọdún tó kọjá, nínú gbọ̀ngàn yìí kan náà, lójú gbogbo ẹgbẹ́, Hisae ti mú tàdáwà pupa tí olùkọ́ fi ń ṣàtúnṣe, ó fa ìlà dábùú ìwé Chigusa nítorí ẹ̀ṣẹ̀ yìí gan-an, ó sì ní wọn kò gbọdọ̀ gbé e kọ́. Ìyá Chigusa ti wọ ọkọ̀ ojú irin wá láti ìlú Hagi tó jìnnà láti wò ó. Ìṣó lásán ló bá lára ògiri.

"Sọ̀ ọ́ kalẹ̀, Tatsuo."

Hisae tẹ́ ẹ sórí tábìlì, ó po tàdáwà pupa, ó na búrọ́ọ̀ṣì sí Chigusa. "Bá mi ṣàtúnṣe rẹ̀."

"Há! Olùkọ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe mí báyìí. Iṣẹ́ tó ti parí, tí wọ́n ti lẹ̀ mọ́ aṣọ fún àgbékọ́?" Tatsuo figbe ta.

"Mo tún un kùn. Ìwọ náà sì rí i," Hisae sọ fún Chigusa.

Tatsuo sọ̀ kalẹ̀ látorí àkàbà wá wò ó.

Chigusa gba búrọ́ọ̀ṣì. Hisae ń retí ìlà tí yóò dábùú. Ṣùgbọ́n Chigusa tẹrí ba sórí ìwé náà pẹ́, ó wá fa àmì róbótó, èyí tí wọ́n fi ń sọ fún ọmọdé pé ó ṣe dáadáa, yí ibì kan ká: etí ìlà kẹta, níbi tí gbígbọ̀n ọwọ́ náà ti yọ díẹ̀ lábẹ́ àtúnkùn.

"Ibí yìí ló ti ń ṣàn, Olùkọ́. Kí lẹ bò ó fún?"

Hisae gba búrọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ibo ni ká wá gbé e kọ́ báyìí?" Tatsuo rọra béèrè.

"Ibi tó wà tẹ́lẹ̀," Hisae dáhùn.

Wọ́n dúró kí pupa náà gbẹ, wọ́n sì fà á sókè padà sínú oòrùn. Hisae dúró níwájú rẹ̀, ó ń gbìyànjú láti rántí ìwé Chigusa ti ọdún tó kọjá: ọ̀rọ̀ wo ló kọ, báwo ni ìlà náà ti rí kí Chigusa tó tún un kùn. Kò rántí ohunkóhun níbẹ̀, àfi pupa tirẹ̀.